Ọgbọ́n Ìrẹsì Tí Àṣìkẹ́ Gbé Wá Láti Pobè

Ilé Ìrẹsì Ọdẹkúnlé,
Ẹ̀bá Ọjà,
Eggua,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ogúnjọ́ Oṣù Kejì, 2021.

Jemima, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Nathaniel ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà láti máa lo ìbòmú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àbí wọ́n ṣì ń sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni èémí àwọn wà? Bá mi kí wọn dáadáa. Kí Olúwa máa ṣọ́ gbogbo yín ní Òṣogbo lọ́hùn-ún nínú àìsàn tó gbayé kan yìí. Àwa náà ń dúpẹ́. Pẹ̀lúmi ti padà sílé ìwé, ó ti ga débi tí aṣọ ọdún tó kọjá kò bò ó lórúnkún mọ́. Ọdẹkúnlé ọkọ mi ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé ọṣẹ tí o fi ránṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí balùwẹ̀ wọ̀ mọ́ nílé yìí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń ṣe ọṣẹ fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ kékeré bíi tiwa ṣe kúrò ní ìrẹsì olókùúta, tó wá di èyí tí àwọn èèyàn ń ti Aiyetoro àti Ilaro wá rà. O ní ṣé ìjọba ló kọ́ wa ni, àbí ìwé la kà, àbí ẹnì kan ló ti òkè òkun dé. Ọ̀rọ̀ kékeré lo rò pé o bi mí. Mo mú bírò, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn. Ẹni tí ìdáhùn náà jẹ́ ni kò sí láyé mọ́, síbẹ̀ láti ìgbà tó ti lọ, n kò tíì dá nìkan wà rí nínú ilé tí a ti ń bọ ìrẹsì. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O rántí bí iṣẹ́ wa ṣe rí nígbà tí o wá fún ìkómọ Pẹ̀lúmi. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, òun la fi ń bó ìrẹsì fún àwọn àgbẹ̀, wọn á sì gbé ìrẹsì wọn lọ. Kò sẹ́ni tó kà á sí, nítorí ìrẹsì òyìnbó ń gba inú igbó wọlé bí omi. Àwa tí a ń bó ìrẹsì gan-an, ìrẹsì òyìnbó là ń sè lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ìgbà tí wọ́n wá ti bọ́dà pa lọ́dún 2019, sójà kún ojú títì, kọ́sítọ́ọ̀mù wọ inú igbó, wọn kò jẹ́ kí epo bẹntiróòlù dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ọjà Ìdí-Ìrókò dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta nǹkan sọ́hùn-ún jókòó sílé, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìrẹsì. Ọdẹkúnlé ní Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn. A ra ìrẹsì eléèpo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, a rẹ ẹ́, a bọ̀ ọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń bọ̀ ọ́ láyé ọjọ́un, a sá a sí ẹ̀bá títì, a bó o, a sì tà á.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní gáréèjì Aiyetoro fi dé. Ìyá Toheebat là ń pè é. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, àti eyín kan.

Ó ní, “Ìyá Pẹ̀lúmi, eyín dírẹ́bà kan ni. Ó ní kí n gbé e wá fún yín.”

Ọdẹkúnlé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú obìnrin náà, ó gbé ẹ̀rín mì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé yàtọ̀ sí òkúta, kí ló tún burú nínú ìrẹsì wa. Ó wò mí bíi pé kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fa àpótí, ó jókòó. Ó ní ìrẹsì náà ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ó ní bó bá ti kan omi gbígbóná, ṣe ló ń fọ́, tí yóò di bí ògì nínú ìkòkò. Ó ní òun ò bá má tún rà á mọ́, àmọ́ kò sí òmíràn tí òun máa rà. Gbogbo àìsàn tó ń ṣe ìrẹsì wa, ẹnu Ìyá Toheebat ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọdẹkúnlé wá lọ bá Nàfíù, wẹ́dà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ gàárì ní Ilaro. Nàfíù kò rí ẹ̀rọ tó ń yọ òkúta nínú ìrẹsì rí, àfi nínú fídíò kan lórí fóònù. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe, òkúta àti ìrẹsì ló ń jù síta pa pọ̀. Adìyẹ àdúgbò yó lọ́jọ́ náà. Ó lọ bá olùkọ́ kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ìyẹn sì là á yé e bí atẹ́gùn ṣe ń gbé ohun tó fúyẹ́ lọ, tí ohun tó wúwo á máa fà sẹ́yìn. Síbẹ̀ kò tíì gún régé. Ni Nàfíù bá wá sí Eggua, ó ní kí a bá òun pe Ìyá Toheebat, kó wá fẹ́ ìrẹsì nínú àtẹ lójú òun. Obìnrin náà ń fẹ́ ẹ, Nàfíù kò wo ìrẹsì rárá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe, mà,” ló ń sọ. “Ibi tí ẹ ti ń gbọ̀n ọ́n wá sọ́dọ̀ ara yín yẹn.”

Bí a ṣe rí ẹ̀rọ wa nìyẹn. Ohun tí olùkọ́ sọ wà nínú rẹ̀, ọrùn ọwọ́ olóúnjẹ náà sì wà nínú rẹ̀. Òkúta lọ. Òórùn ló kù, àti fífọ́.

Ibẹ̀ ni Àṣìkẹ́ ti wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, ní Pobè, lódì kejì bọ́dà. Ẹbí kan náà ni wá pẹ̀lú wọn. Ìlà tí òyìnbó fà ló ní kí àwọn kan lọ máa kọ́ Faransé nílé ìwé, kí àwọn kan máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ́gẹ́ bí aya ilé, ó yẹ kí n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó ní ọdún kan náà la bí wa, kí n má sọ òun di arúgbó. Ó ti fẹ́ awakọ̀ kan rí, wọ́n jọ gbé ní Malanville lókè lọ́hùn-ún, létí Odò Ọya, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bọ ìrẹsì lọ́pọ̀ yanturu. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló padà sílé. Ó wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó gba ọ̀nà oko wọlé. Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó dúró.

Ó ní, “Ìyàwó, ta ló bọ ìrẹsì yìí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Omi tútù lo rẹ ẹ́ sí. Ó sì pẹ́ níbẹ̀. Inú oòrùn gangan lo wá sá a sí.”

Bíi pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é. Kíkí tó wá kí wa di gbígbé. Ó kọ́ mi pé omi gbígbóná là ń rẹ ìrẹsì sí, kí a tó da omi náà nù. Ó ní kí Nàfíù gé irin pẹlẹbẹ kan, kó lu ihò sí i lára, kó fi sínú àgbá, kó má baà jẹ́ pé ìrẹsì ń kan omi. Ooru ni yóò bọ̀ ọ́. Ó ní abẹ́ òjìji ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ, lórí tapólì, kó tó rí oòrùn. Kì í fi aago ṣiṣẹ́. Á fi ẹ̀yìn ṣíbí kan àgbá lára, á dẹtí, á ní, “Kò tíì sọ̀rọ̀.” Bó bá ṣe díẹ̀ á tún kàn án, á ní, “Ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí.” Róòbù ló máa ń fi pa iwájú orí nítorí ooru, gbogbo ilé náà á sì máa ta sánsán. Ìrẹsì tó jáde láti ọwọ́ rẹ̀ gùn, kò fọ́, kò rùn. Ìyá Toheebat sè é, ó wò ó nínú ìkòkò. Ọjọ́ kejì ló wá kó gbogbo èyí tó kù.

Ìgbà tí òjò ń bọ̀, Àṣìkẹ́ padà lọ bá ìyá rẹ̀ gbin àgbàdo. Kòrónà dé, wọ́n tún ti gbogbo ọ̀nà le sí i. Èmi náà ń bọ ìrẹsì lọ, ó ń dára. Àfi bó ṣe di inú òjò gan-an tí òórùn burúkú náà padà dé. Mo yí ohun gbogbo padà, kò lọ. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ àgbá, kí n kàn án. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní ìró náà dára.

“Ìyàwó,” ó ní, “fóònù kò nímú. Mò ń bọ̀.”

Mo ní kó má wá. Mo ní òjò ti pọ̀ jù, pé sójà wà lójú títì, pé a lè kó ìrẹsì ọ̀hún fún ẹlẹ́dẹ̀ títí òjò á fi dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn igbó ju sójà lọ.

O mọ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí tí ọ̀nà ẹ̀yìn igbó náà gbà. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, ńṣe ló ń gbá táyà mú bí ọ̀dà. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà náà, igi ni wọ́n gbé lé e lórí. Ọlọ́kadà tó gbé e ló sọ ìyókù fún wa. Ó ní nígbà tí àwọn débẹ̀, omi ti bo igi náà. Ó ní òun ní kí àwọn ṣẹ́rí padà. Àṣìkẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó gbé báàgì lé orí, ó ní òun á fẹsẹ̀ kọjá, kí ó máa yí ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn. Omi kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Igi ló yẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò kígbe. Àwọn apẹja ló rí i lọ́jọ́ kejì níbi tí gbòǹgbò igi ti dá a dúró.

Pobè ni wọ́n sin ín sí. Ibi tí a máa ń lọ tí a ó sì padà kí ọbẹ̀ tó jinná ni, Jemima, ṣùgbọ́n a kò lè dé ibẹ̀. Ọdẹkúnlé gbìyànjú. Wọ́n dá a padà lójú títì. Ó gba inú igbó, ó dé etí odò náà, ó wò ó, ó padà sílé. Orí fóònù la ti gbọ́ ìsìnkú. Mo gbọ́ orin, mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń da erùpẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, etí mi kò tíì gbọ́ òpin erùpẹ̀ náà.

Láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti ń ṣe wá nínú ilé àgbá. Ìdérí máa ń kan ara rẹ̀ bí ooru bá gbóná, mo mọ̀, irin ni. Àmọ́ kì í kàn bí irin ṣe ń kàn. Á kàn, á dákẹ́ bí ẹni tó ń dẹtí, á tún kàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo ti dáhùn kí n tó rántí pé ó ti kú. Àrìnpé tó ń bá wa ṣiṣẹ́ gbóòórùn róòbù níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó ju abọ́ sílẹ̀, ó sì jáde. Bí n kò bá sí níbẹ̀, kò ní wọlé mọ́. Ọdẹkúnlé lọ pe pásítọ̀ wa. Pásítọ̀ dúró lẹ́bàá àgbá, wọ́n bi mí bóyá kí àwọn lé e jáde.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ má lé e.”

Wọ́n wò mí, wọ́n rọra pa Bíbélì dé, wọ́n sì gbàdúrà bí mo ṣe wí.

Òórùn inú ìrẹsì kò sì lọ. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú láti gbóòórùn ìrẹsì nínú àgbá bí mo ti máa ń ṣe. Nǹkan kan fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó yí ojú mi sí garawa omi tí a kò tíì gbé kaná. N kò purọ́ fún ọ rí, o mọ̀. Mo tẹ imú sí omi náà, òórùn aṣọ tútù yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. Mo sáré jáde sínú òjò lọ sídìí kànga. Èèpo ìrẹsì tí a ti ń dà sẹ́yìn ilé ti di òkè, ó ti ń jẹrà, omi òjò sì ń gba inú rẹ̀ wọ kànga wa lọ. A kó èèpo náà kúrò, a fọ kànga, a sì ń pọn omi ní ṣọ́ọ̀ṣì títí tó fi mọ́. Òórùn náà lọ, kò padà mọ́. Èèpo tí a kò rí ibi tí a ó kó o sí mọ́, Nàfíù ṣe ààrò kan tó ń jó o, òun la fi ń dáná báyìí dípò igi.

Ṣé ìrántí ni? Àṣìkẹ́ máa ń gbóòórùn omi kó tó gbóòórùn ìrẹsì. Ojú mi ti rí i tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò bi í nídìí. Ó lè jẹ́ pé ara mi ló rántí ohun tí orí mi gbàgbé. Ọdẹkúnlé ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n ìrántí kì í ní ọwọ́ tútù.

Àwọn kan wá bi mí ní ìbéèrè rẹ yìí ṣáájú rẹ, wọ́n ní àwọn ń wádìí bí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ṣe ń rí ọgbọ́n tuntun. Mo dárúkọ olóúnjẹ, mo dárúkọ wẹ́dà, mo sọ ti olùkọ́. Ìgbà tó kan Àṣìkẹ́, mo ní ẹbí ọkọ mi kan ni. Wọ́n ní ṣé àwọn lè rí i. Ọdẹkúnlé ló dáhùn, ó ní ó rìnrìn àjò. Ìdérí àgbá kàn nígbà náà, àwọn àlejò kò tilẹ̀ gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni ìyá Àṣìkẹ́ wá. Wọ́n ti kéde pé wọ́n ṣí bọ́dà ní Sèmè, àmọ́ Ìdí-Ìrókò ṣì wà ní títì, sójà sì wà lọ́nà tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn ló la ọ̀nà fún màmá. Wọ́n ní odò náà ti fà, àwọn fẹsẹ̀ rìn ín kọjá, kò dé kókósẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ojú ọjọ́. Mo wólẹ̀ níwájú wọn, n kò lè gbójú sókè. Mo rò pé ọmọ wọn ni wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ní, “Dìde, ìyàwó. Wọ́n ní ọmọ mi kọ́ yín ní iṣẹ́ kan.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

“Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ mi ló gbé. Abọ́ kan náà la jọ ń jẹun. Kò kọ́ mi, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa.” Wọ́n tún ìró wọn wé. “Kì í ṣe pé ó kọ̀. A kò bi í. Mo wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín.”

Jemima, ohun tí mo fẹ́ kí o sọ fún àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń ṣe ọṣẹ kò ju gbólóhùn màmá yẹn lọ.

A dáná. Mo rẹ ìrẹsì lójú wọn, mo da omi nù, mo dà á sórí irin oníhò. Mo ń ṣàlàyé, mo sì ń gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, bó ṣe ń dúró díẹ̀ kó tó sọ èyí tó kàn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Màmá kò wo àgbá mọ́, ẹnu mi ni wọ́n ń wò, omi sì ń dà lójú wọn láìmira. N kò dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dákẹ́, ohùn náà á lọ. Nígbà tó tó àkókò, mo ní kí wọ́n ṣí i fúnra wọn. Wọ́n gbé ìdérí kúrò, ooru tú jáde bò wá. Màmá rọra sún sápá kan, èmi náà sún sápá kejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé kó sún. A dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá àgbá, àwa méjèèjì, a ń wo ìrẹsì, a sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín wa.

Bá mi kí Nathaniel, kí o kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o má gbàgbé ìyá ọkọ rẹ. Kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ náà pé a dúpẹ́ ọṣẹ. Pẹ̀lúmi ní òun ń retí rẹ nígbà ìsinmi. Bí o bá ń bọ̀, gba ọ̀nà títì o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gba inú igbó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Ọlámipọ̀.